Gíà tó ń ṣe gìdì: Bí ẹ̀rọ tó borí ní Brazil lọ́dún 1989 ṣe dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn olówó ọkọ̀ eré

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1989, awakọ̀ ìdíje ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Nigel Mansell, jókòó sínú ọkọ̀ Ferrari pupa ní pápá ìdíje Jacarepaguá, nílùú Rio de Janeiro lórílẹ̀èdè Brazil.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò díje fún Ferrari nínú ìdíje Formula 1. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló gbà pé ọkọ̀ náà yóò dé òpin ìdíje, Mansell fúnra rẹ̀ kò sì sí lára wọn.

Nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ ọ̀hún wò, kì í rìn jìnnà kó tó kú sọ́nà. Mansell sọ lẹ́yìn náà pé òun ti ṣètò bàálù tí yóò tètè gbé òun kúrò nílùú náà, torí òun rò pé iṣẹ́ òun kò ní pẹ́ parí lọ́jọ́ náà.

Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Kò sí ọ̀pá gíà tí awakọ̀ máa fọwọ́ tì nínú rẹ̀. Ewé pẹlẹbẹ méjì ló wà lẹ́yìn sítíárìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Awakọ̀ kàn máa fi ìka fa ọ̀kan tó bá fẹ́ gbé gíà sókè, á sì fa èkejì tó bá fẹ́ já a wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù.

Nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ní láti pààrọ̀ sítíárìn ọkọ̀ náà nígbà tó yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Síbẹ̀, nígbà tí eré parí, Mansell ló gba ipò kìíní, Alain Prost ló sì tẹ̀lé e.

Láàárín ọdún mẹ́jọ sígbà náà, irú gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ti kúrò lórí pápá, ó ti wọ inú ọkọ̀ táwọn olówó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ àti òde àríyá.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn lórí pápá di ohun tó ń mi èèyàn lójú pópó. Tí gíà bá fẹ́ yí, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, orí ẹni tó jókòó á tẹ̀ síwájú, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á ṣe gìdì, á sì gbá a padà mọ́ àga.

Fún bíi ogún ọdún, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ítálì, Jámánì àti Japan gbìyànjú láti mú gìdì yìí kúrò. Ìtàn bí wọ́n ṣe gbìyànjú náà rèé, àti ìdí tí kò fi bọ́ sí i.

Irú gíábọ́ọ̀sì wo nìyí?

Oríṣi gíábọ́ọ̀sì méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni mánúwà, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ dánfó. Awakọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á fi ọwọ́ ti ọ̀pá gíà, á wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì náà.

Èkejì ni ọtomátíìkì. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Torí pé ọ́ìlì ló ń gbé agbára kọjá, kì í sábà fi ipá ta èèyàn.

Èyí tí Mansell lò ní Brazil kò sí nínú méjèèjì. Tí wọ́n bá tú u palẹ̀, mánúwà ni wọ́n máa bá nínú rẹ̀: eyín gíà irin bíi ti mánúwà àti kílọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe ọ́ìlì. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ọwọ́ tó ń ti ọ̀pá gíà. Nígbà tó wá dé inú ọkọ̀ ojú pópó, wọ́n yọ ẹsẹ̀ òsì kúrò pẹ̀lú. Fáńpù tó ń ti ọ́ìlì àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ́pò wọn.

Ní kúkúrú, mánúwà tí kọ̀ǹpútà ń bá èèyàn yí ni. Ferrari pè é ní "F1", BMW pè é ní "SMG", Lamborghini ní "e-gear", Maserati ní "Cambiocorsa", Alfa Romeo ní "Selespeed". Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àlá tó ti pẹ́

Kì í ṣe Ferrari ló kọ́kọ́ ronú láti gba awakọ̀ lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ní ọdún 1930, iléeṣẹ́ Daimler ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo gíábọ́ọ̀sì kan tí awakọ̀ ti lè yan gíà tó kàn sílẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Nígbà tó bá fẹ́ kí gíà náà wọlé, ẹsẹ̀ nìkan ló máa fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkọ̀ ìdíje ERA náà lò ó láàárín àwọn ọdún 1930.

Lọ́dún 1967, Porsche ti Jámánì gbé Sportomatic jáde nínú ọkọ̀ 911. Kò sí ibi ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ awakọ̀ bá ti kan ọ̀pá gíà báyìí, kílọ́ọ̀ṣì á ṣí fúnra rẹ̀.

Ní 1984, Isuzu ti Japan, iléeṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, fi kọ̀ǹpútà sídìí gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Aska. NAVi5 ni wọ́n pè é.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ni ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyí ń wá. Wọ́n fẹ́ dín iṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì kù. Ohun mìíràn ni ọkùnrin tó wá yí nǹkan padà ń wá.

Kí ló sún John Barnard dé ibẹ̀?

John Barnard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Ferrari gbà láti ya àwòrán ọkọ̀ ìdíje wọn. Kò kó lọ sí Ítálì. Nítòsí ìlú Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro Barnard kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá gíà ló ń dà á láàmú. Irin gígùn kan ní láti gba ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kọjá, kó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó tó dé gíábọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ awakọ̀ láti ṣí síwá-sẹ́yìn. Gbogbo èyí ń mú kí ara ọkọ̀ fẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì fẹ̀, atẹ́gùn á máa fà á sẹ́yìn.

Tí iná mànàmáná bá lè gbé àṣẹ láti ọwọ́ awakọ̀ dé gíábọ́ọ̀sì, kò ní sí irin gígùn mọ́. Awakọ̀ náà kò sì ní í yọ ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, bó ti wù kí kọ́nà le tó.

Bí ọkọ̀ Ferrari 640 ṣe wáyé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 12 àti gíà méje. Iléeṣẹ́ Magneti Marelli ti Ítálì ló ṣe ẹ̀rọ mànàmáná tó ń darí rẹ̀.

Enzo Ferrari, tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, kú ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1988. Kò rí ìgbà tí ọkọ̀ náà borí.

Lẹ́yìn Brazil, ojú ọkọ̀ náà kò tètè là. Gerhard Berger, tó ń wa Ferrari kejì, kò parí ìdíje kankan lọ́dún náà títí di ìdíje Monza ní oṣù Kẹsàn-án. Kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ipa tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì gan-an ló ń bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ̀n débi tí bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ amúnáwá ọkọ̀ fi ń bọ́. Tí iná bá ti tán nínú bátìrì, gíábọ́ọ̀sì kò ní rí agbára lò mọ́.

Nígbà tí wọ́n yanjú ìyẹn, àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ní 1992, Mansell yìí kan náà gba adé àgbáyé Formula 1 pẹ̀lú ọkọ̀ Williams tó ní irú gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀.

Láti orí pápá sí ojú pópó

Ní 1997, Ferrari gbé F355 F1 jáde. Òun ni Ferrari àkọ́kọ́ tí èèyàn lè rà wálé pẹ̀lú ewé gíà lẹ́yìn sítíárìn. Ibi ìtẹ̀ méjì péré ló wà nílẹ̀: bíréèkì àti iná ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí BMW náà fi SMG sínú M3. Alfa Romeo ṣe Selespeed fún 156. Aston Martin gbé Vanquish jáde ní 2001, ọkọ̀ tó hàn nínú fíìmù James Bond ní ọdún tó tẹ̀lé e. Lamborghini náà kò gbẹ́yìn.

Ohun táwọn olùrà ń rà kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó bá fa ewé náà ní oríta á lérò pé òun náà ń díje. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sílé láti ibi iṣẹ́ kì í wakọ̀ bíi Mansell, òpópónà náà kì í sì í ṣe pápá.

Kí ló dé tó fi ń ṣe gìdì?

Láti yé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí awakọ̀ bá fa ewé kan ṣoṣo:

- Ó máa dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.
- Ó máa ṣí kílọ́ọ̀ṣì.
- Ó máa yọ gíà tó wà nílẹ̀, gíábọ́ọ̀sì á wá wà ní fíríì fún ìgbà díẹ̀.
- Ó máa ti gíà tuntun wọlé.
- Ó máa pa kílọ́ọ̀ṣì dé, á sì dá agbára ẹ́ńjìnnì padà.

Láti ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣí títí dìgbà tó máa pa dé, agbára kankan kì í dé ọ̀dọ̀ táyà. Kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà, kò sì lè wà ní ṣíṣí kó tún wà ní pípa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ̀ tó ń sáré tagbára-tagbára, tí agbára rẹ̀ sì dédé já, ara èèyàn máa ń tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Tí agbára náà bá padà dé lójijì, yóò ta ara sẹ́yìn. Gìdì náà nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Mánúwà pàápàá ní àyè òfìfo yìí. Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni pé ẹni tó mọ mánúwà wà kì í ṣe é láìmúra sílẹ̀. Kó tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni yóò ti máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ̀ pé gíà fẹ́ yí. Nígbà tó bá ń gbé ẹsẹ̀ òsì, ó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wádìí ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti máa mú.

Ẹ rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mánúwà. Ọwọ́ rẹ̀ lè yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọwọ́ rọrùn láti kọ́. Ẹsẹ̀ òsì ló ń pẹ́ kó tó gbọ́n.

Ìṣòro tí kọ̀ǹpútà bá pàdé gan-an nìyẹn. Ó tètè ju ọwọ́ èèyàn lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣe ń jẹ, ibi tó ti máa mú ń yí padà. Bí ó bá gbóná, ó tún ń yí padà. Mẹkáníìkì ní láti so kọ̀ǹpútà mìíràn mọ́ ọkọ̀ láti kọ́ ọ ní ibi tuntun náà. Tí wọn kò bá ṣe é, gìdì náà á máa le sí i.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà láàárín ọkọ̀ ìdíje àti tojú pópó. Eyín gíà ọkọ̀ ìdíje máa ń fi ipá wọnú ara wọn, torí wọ́n lè tú u palẹ̀ lẹ́yìn ìdíje. Ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní láti ní àwọn òrùka tó ń mú kí eyín méjì yí dọ́gba kí wọ́n tó pàdé. Ìyẹn náà ń gba àsìkò.

Ìdíje tó kéré ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ

Àwọn iléeṣẹ́ ronú pé tí àyè òfìfo náà bá kúrú tó, èèyàn kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje nìyẹn. Tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, Ferrari ní 150 péré ni gíà ọkọ̀ Enzo tó jáde ní 2002 ń gbà. Ní 2006, ọkọ̀ 599 GTB já a sí 100. Ní 2007, 430 Scuderia já a sí 60.

BMW náà kò sùn. Wọ́n ní M3 tó jáde ní 2001 lè yí gíà láàárín 80. M5 tó tẹ̀lé e, tó ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 10 àti gíà méje, já a sí 65.

Ẹni tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, àsìkò tó lò lè ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n bí àyè òfìfo ṣe ń kúrú ni agbára tó ń padà bọ̀ ń le sí i. Láti pa kílọ́ọ̀ṣì dé kíákíá, ẹ ní láti fi ipá pa á dé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá ju gíà tuntun lọ nígbà náà, gbogbo agbára tó wà nínú yíyí rẹ̀ ló máa rọ́ lọ sára táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tí wọ́n bá sì rọra pa á dé, gìdì náà á dínkù, ṣùgbọ́n àyè òfìfo á gùn, orí àwọn èrò inú ọkọ̀ á wá máa tẹ̀ síwájú ní gbogbo ìgbà tí gíà bá yí.

BMW gbìyànjú láti fi ìpinnu náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Nínú M3 ọdún 2001, ipò 11 ló wà tí awakọ̀ lè yàn: márùn-ún fún ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ máa yí gíà fúnra rẹ̀, mẹ́fà fún ẹni tó fẹ́ máa fa ewé. Ẹ̀rọ tó nílò ipò 11 kó tó lè tẹ́ èèyàn kan lọ́rùn ti jẹ́wọ́ pé kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tán.

Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni àṣírí ti tú

Tí ọkọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé, gìdì náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dun ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín gíà kìíní àti ìkejì, nínú ìlú, ni ìṣòro wà, torí pé àlàfo láàárín gíà méjèèjì yìí tóbi ju ti àwọn yòókù lọ.

Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ bóyá awakọ̀ fẹ́ lọ tàbí ó fẹ́ dúró. Á di kílọ́ọ̀ṣì mú ní àbọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa jẹ. Ẹni tó bá ń fi rìfáàsì gun òkè wọ ọgbà ilé rẹ̀ tún ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ńlá sì ni kílọ́ọ̀ṣì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti fáńpù tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọkọ̀ Quattroporte tí Maserati gbé jáde ní 2003 jẹ́ ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin fún àwọn ọ̀gá tó máa ń jókòó sẹ́yìn, síbẹ̀ gíábọ́ọ̀sì eré ni wọ́n fi sí i. Ọ̀gá tó ń ka ìwé lẹ́yìn ọkọ̀ kò nílò ẹ̀rọ tó ń mú kó mi orí. Ní 2007, Maserati bẹ̀rẹ̀ sí í ta á pẹ̀lú ọtomátíìkì olọ́ìlì.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn BMW M5 bèèrè fún mánúwà gidi, iléeṣẹ́ náà sì ṣe é fún wọn. Wọn kò tà á níbòmíràn yàtọ̀ sí agbègbè náà.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Aston Martin. Nígbà tó yá, ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Newport Pagnell bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ní Vanquish yọ ewé gíà kúrò, wọ́n ń fi ọ̀pá gíà àti ibi ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀. Owó ni èèyàn ń san kí wọ́n tó gba ohun tí ọkọ̀ náà fi jẹ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n táwọn awakọ̀ dá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí ló ń ráhùn. Àwọn kan rí ojútùú, ojútùú náà kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ fa ewé láti gbé gíà sókè, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná, bíi pé mánúwà ni wọ́n ń wà. Gíà á wọlé, wọ́n á sì tún rọra tẹ iná padà. Gìdì náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Wọ́n tún kọ́ láti má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa yí gíà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fa ewé fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí gíà fẹ́ yí, ara rẹ̀ sì ti gbáradì.

Èyí túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ náà tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, awakọ̀ ní láti mọ ohun tí wọ́n ní kò nílò láti mọ̀ mọ́.

Kílọ́ọ̀ṣì kejì ló parí ìjà

Ojútùú ti wà nínú ìwé tipẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adolphe Kégresse, ti ronú nípa gíábọ́ọ̀sì tó ní kílọ́ọ̀ṣì méjì. Porsche dán irú rẹ̀ wò nínú ọkọ̀ ìdíje ní àwọn ọdún 1980.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Kílọ́ọ̀ṣì kan ló ni gíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Èkejì ló ni ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíà ìkejì, ìkẹta ti wọlé sílẹ̀, ó ń dúró. Tí àsìkò bá tó, kílọ́ọ̀ṣì kan á máa ṣí bí èkejì ṣe ń pa dé. Kò sí ìgbà tí agbára já.

Ní 2003, Volkswagen fi í sínú Golf R32, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ti Ferrari rárá. Gíà rẹ̀ ń yára, kò sì ń ṣe gìdì. Ó di pé ọkọ̀ tí èèyàn lè fi gbé ọmọ lọ síléèwé ń yí gíà wọ́ọ́rọ́ ju ọkọ̀ olówó gọbọi lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. BMW fi í sínú M3 ní 2008. Ferrari fi í sínú California lọ́dún náà, ó sì fi í sínú 458 Italia ní 2009.

Ọtomátíìkì olọ́ìlì náà sì ń kọ́gbọ́n. Nígbà tí BMW gbé M5 tuntun jáde ní 2017, ọtomátíìkì olọ́ìlì oníyára mẹ́jọ ni wọ́n fi sínú rẹ̀.

Àwọn tó kọ̀ láti yí padà

Lexus ti Japan ṣe ọkọ̀ LFA 500 péré láàárín 2010 àti 2012. Nígbà náà, kílọ́ọ̀ṣì méjì ti wà káàkiri, síbẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n lò.

Lamborghini náà gbé Aventador jáde ní 2011 pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì kan, torí wọn kò fẹ́ kí gíábọ́ọ̀sì náà wúwo tàbí kó gba àyè. Wọ́n ní gíà rẹ̀ ń yí láàárín ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá.

Ipò mẹ́ta ni awakọ̀ lè yàn: Strada fún ojú pópó, Sport, àti Corsa fún pápá ìdíje. Ní Corsa, àwọn oníròyìn ọkọ̀ kọ ọ́ léraléra pé bí ẹni pé èèyàn gbá àwọn ní ẹ̀yìn ni. Àwọn kan fi bú u. Àwọn mìíràn ní ohun tó mú kí ọkọ̀ náà jọ ẹranko ìgbẹ́ nìyẹn.

Ọdún 2022 ni wọ́n dá Aventador dúró. Revuelto tó rọ́pò rẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì méjì.

Ibo ló wà báyìí?

Gíábọ́ọ̀sì yìí kò kú. Ó kàn kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó ni.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló pọ̀ sí jù. Volvo gbé I-Shift jáde ní 2001, àwọn iléeṣẹ́ yòókù sì ní tiwọn. Ẹni tó ń wa tírélà fún ọ̀pọ̀ wákàtí mọ ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́ pé kó má tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹrù tó ń gbé kì í sì í ráhùn pé gíà gbọ̀n.

Ó tún wọ inú ọkọ̀ kékeré. Ní 2014, Maruti Suzuki ní Íńdíà fi í sínú Celerio, Magneti Marelli tó bá Ferrari ṣe ti 1989 ló sì wà nídìí ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá, ó wọ inú S-Presso náà, irú ọkọ̀ kékeré tó wà lójú pópó ìlú Èkó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mánúwà rẹ̀ náà wà.

Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni pé owó rẹ̀ kò pọ̀ ju ti mánúwà lọ púpọ̀, kì í sì í jẹ epo bíi ti ọtomátíìkì àtijọ́. Kò sí ẹni tó ń ka ìdá ìṣẹ́jú àáyá níbẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì á rọra ṣí, á rọra pa dé, orí á sì tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Ní ti àwọn Ferrari ìgbà náà, ọjà ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí 575M àti 599 GTB ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olùrà ló gba ewé gíà, díẹ̀ ló sì gba mánúwà. Lónìí, tí wọ́n bá gbé àwọn mánúwà díẹ̀ náà lọ sí ọjà gbàǹjo, owó tí wọ́n ń pa ju ti àwọn elewé lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá sì ra èyí tó ní ewé, tó ń bẹ̀rù gìdì, ìmọ̀ràn tí àwọn awakọ̀ ogún ọdún sẹ́yìn fún ara wọn kò tíì yí padà: kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná kó tó fà á.